Tíṣà tí Bàbá Josiah Fi Pamọ́

Kí Tíṣà Ọmọ́ṣọlá tó kọ ohunkóhun sójú pátákó láàárọ̀, ìlà méjì ló kọ́kọ́ máa ń fà, látòkè délẹ̀. Ìlà méjèèjì pín pátákó sí mẹ́ta. Apá òsì ni ti àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì, àárín ni ti ìkẹta àti ìkẹrin, apá ọ̀tún ni ti ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jókòó sí, nítorí tíṣà kan ṣoṣo ló kù. Bó bá ń kọ́ àwọn ti òsì ní "a, b, d", àwọn ti àárín á máa ṣe ìṣirò, àwọn ti ọ̀tún á máa kàwé sínú. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà kan bá wá gbójú sọ́tùn-ún, tó ń da iṣẹ́ kíláàsì kẹfà kọ, Tíṣà á ní, "Ìwọ, padà sílùú rẹ." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lójú.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Gbémiga lorúkọ mi. Ọmọ Òkè-Àgbọn ni mí, abúlé kan lẹ́yìn Kàbbà, lápá ọ̀nà Ìkòyí. Máṣìn ni mò ń gùn jẹun. Tíṣà Ọmọ́ṣọlá ló kọ́ mi níwèé, òun náà ló nà mí nígbà tí mo jí ìrèké nínú oko ilé-ìwé, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n bínú nínú ìtàn yìí, kó yáa má kà á.

Ìkòyí ní Ìjùmú ni wọ́n bí i sí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú àpótí onírin kan, sítóòfù kan, àti ìwé ẹ̀rí tíṣà tí kò tíì ká nígun. Ó rò pé òun á lo ọdún méjì, kí wọ́n tó gbé òun lọ sí Kàbbà. Ọdún méjì yẹn ló di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ John, àgbẹ̀ kan lágbo ilé wa, ó bí Tóyọ̀sí fún un, ó sì sin John sẹ́yìn ilé lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, tíṣà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní yàrá tiwọn, wọ́n ní kẹ́tù tí wọ́n fi ń se tíì, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó gbé àga ẹlòmíràn. Ohun tí a mọ̀ sí ilé-ìwé nìyẹn.

Àyẹ̀wò ló kó wọn lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba lágbègbè wa ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Skirínìn ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n bá sì ti pè é tán, ojú wọn á fà ro. Wọ́n ní ìwé Ọ̀gbẹ́ni Benjamin kò pé. Ìwé yẹn náà ló fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó rí i nígbà yẹn pé kò pé. Òun ló kọ́ wa ní ìṣirò; ewúrẹ́ ló ń sìn báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjì fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ẹnì kan kú. Ẹnì kan rí i pé ààbọ̀ owó oṣù tí ìjọba ń san ò lè gbọ́ bùkátà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wa pé àwọn ń ti ilé-ìwé wa. Wọ́n kàn ń yọ ọ́ ní bíríkì kọ̀ọ̀kan ni, títí ó fi ku Tíṣà Ọmọ́ṣọlá àti ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Iṣẹ́ tíṣà, ọ̀run lèrè rẹ̀ wà," làwọn èèyàn máa ń wí. Èmi ò tíì rí ẹni tó ti ọ̀run dé pẹ̀lú owó oṣù lọ́wọ́. Ohun tí Tíṣà ń wá kéré sí ti ọ̀run. Ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, kó lọ jókòó sọ́dọ̀ Tóyọ̀sí l'Ábújà, kó sinmi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wú bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọdún mẹ́rin péré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Bàbá Josiah. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ilé rẹ̀ ni àkọ́kọ́ téèyàn máa kàn lẹ́bàá bíríìjì onípákó tí a ń gbà wọ abúlé. Abẹ́ igi káṣú ló máa ń jókòó sí látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní kí. Testimony, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà ní kíláàsì kẹfà, ó sì mọ̀wé débi pé òun ni Tíṣà máa ń fi ti àwọn kékeré. Nítorí Testimony, Bàbá Josiah fẹ́ràn Tíṣà ju bó ṣe fẹ́ràn pásítọ̀ rẹ̀ lọ. Iṣu tó bá kọ́kọ́ wà lọ́dún, ilé Tíṣà ló ń gbé e lọ.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́mọdé, wọ́n kà wá mọ́ Òkè Ọya. Àwọn dógarì, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ìgbà yẹn, a máa wá mú ẹni tí kò bá san owó orí. Àwọn òbí wá kọ́ ọmọ wọn: bí àlejò bá pe orúkọ bàbá rẹ látinú ìwé, sọ pé ó ti rìnrìn àjò, sọ pé ilé ti dahoro, sọ pé o ò mọ ọjọ́ tó máa dé. Ẹ̀bá bíríìjì yẹn náà ni Josiah kékeré máa ń dúró sí. Ọdún méje ni wọ́n fi wá bàbá rẹ̀, wọn ò rí i mú lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Josiah ṣe láyé, èyí ló máa ń sọ jù. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ṣe sùúrù, o máa tún gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, òjò ti rọ̀ mọ́jú, jíìpù funfun kan dé ẹ̀bá bíríìjì. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Pákó méjì ti yọ lára bíríìjì, mọ́tò ò lè kọjá, àfi kéèyàn fẹsẹ̀ rìn. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dé ilé-ìwé, òkè díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn ì bá ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n wo ẹrẹ̀. Wọ́n wo bàtà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fáìlì.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. À ń wá Elizabeth Ọmọ́ṣọlá, olùkọ́."

"Okun o," ni Bàbá fi ìkíni ilẹ̀ wa dá wọn lóhùn. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ́fíìsì la ti wá. Ṣé ó wà?"

Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi, fáìlì yẹn ló fi mọ̀. Ó ní ẹni tó bá pe orúkọ èèyàn látinú ìwé, kì í ṣe ire ló bá wá.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé," ló sọ fún wọn. "Ó ti lọ láti oṣù mẹ́ta. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ábújà. Kò padà wá mọ́ nìyẹn."

"Ilé-ìwé ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún un ní omi inú ìgò oníke kan, wọ́n sì yí jíìpù padà. Àwọn tí wọ́n rán láti wá fojú rí wa, etí ni wọ́n fi rí wa, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gun òkè yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú àpò ìwé lọ́rùn.

Nígbà tí mo ti Kàbbà dé lọ́sàn-án, Bàbá pè mí, ó rò ó fún mi látòkè délẹ̀. Mo rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ kan ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lọ̀gá." Mo fún un ní bisikíìtì tí mo rà bọ̀. Mi ò ní tàn yín jẹ, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ yìn ín. Nígbà tí ilé-ìwé jáde, Tíṣà sọ̀kalẹ̀ wá, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti sọ bí Testimony ṣe ṣe sí lọ́sẹ̀ náà. Bàbá sọ fún òun náà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti yẹ Tíṣà wò ṣáájú, ó sì ti gbàwé pé ó yege, kò ronú kan àyẹ̀wò rárá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú ààbò."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹnì kan pè é lórí fóònù pé wọ́n ti lẹ orúkọ. Mo gbé e lọ sí Kàbbà. Ara ògiri ọ́fíìsì ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́, èrò ti kún ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Tíṣà ka orúkọ àwọn tó ṣẹ́ kù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ìwé kejì, ti àwọn tí wọ́n yọ nítorí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ìkọkànlá. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé wa sí, láàárín àwọn tó ti kógbá sílé.

Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ James, ọmọlúàbí ni. Ó bu ọlá fún Tíṣà, ó fún un lága, ó lọ wá fáìlì rẹ̀ jáde. Ó kà á fún wa: àgbàlagbà kan tó ń gbé ilé tó wà lẹ́bàá bíríìjì ló jẹ́rìí pé olùkọ́ náà ti kúrò láti oṣù mẹ́ta, pé ẹran ló ń gbé inú ilé-ìwé. Orí mi gbóná. Tíṣà gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ń wo ọwọ́ náà.

"Rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ mi," ló wá sọ. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sàmì sí i."

"Màmá, wọ́n á ní ẹ jókòó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan ni."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo lè kó wọn wá."

"Wọ́n á ní ẹ lọ yá ọmọ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀nà kan ló wà. Ẹ mú bàbá yẹn wá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kó wá sọ níwájú àwọn ọ̀gá pé irọ́ lòun pa. Wọ́n á kọ ìwé míì. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣàì sọ fún yín, Màmá. Wọ́n ti pàṣẹ pé ẹni tó bá purọ́ fún àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò, ọlọ́pàá ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á wo ti arúgbó."

Nígbà tí à ń bọ̀, ó ní kí n dúró. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó ra páálí ṣọ́ọ̀kì méjì. Inú bí mi. Mo bi í pé ta ló fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ́. Ó ní tilé ti tán. Nígbà tí a dé bíríìjì, Bàbá Josiah gbọ́wọ́ sókè lábẹ́ káṣú rẹ̀. "Okun ìrìn o." Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Tíṣà tẹ èjìká mi látẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo pa ẹnu dé.

Ilé rẹ̀ la dé ká tó jà. Mo ní, "Lọ́la ni n óò gbé bàbá yẹn lọ sí Kàbbà. Òun ló fi ẹnu rẹ̀ tú u, òun ni kó fi ẹnu rẹ̀ dì í."

"Gbémiga, jókòó."

"Mi ò jókòó, mà. Ọdún mẹ́rin ló kù fún yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ jẹ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí ẹnu arúgbó kan."

Ó jókòó ti òun. Ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "O rò pé inú ò bí mi? Inú ń bí mi débi pé mi ò lè gbé omi mì. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rò ni pé bí wọn ò tiẹ̀ tì í mọ́lé, ó máa padà sílé. Ó máa jókòó sábẹ́ igi yẹn, á sì mọ̀ pé òun lòun ṣe mí. Ṣé o rò pé á tún jẹun?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí a sin John. Mo jókòó.

Síbẹ̀, kò tíì pinnu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì fi rò ó. Tóyọ̀sí ń pè láti Ábújà pé kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, Tíṣà wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kó rẹ́jísítà sínú báàgì, ó ní kí n máa bọ̀ ní bíríìjì. Ó fẹ́ sọ fún Bàbá, kí a sì gbé e lọ. Mo ti sítáàtì máṣìn. Mo tiẹ̀ ti tẹ́ aṣọ sórí àga ẹ̀yìn kó má baà le mọ́ Bàbá nídìí.

Tíṣà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kí ó tó la ẹnu, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, mo rí i pé ojú yín ti rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀rù àwọn tó wá yẹn ló ń bà yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá mi, ọdún méje ni wọ́n fi wá a, wọn ò rí i. Mi ò ní owó, mi ò lókun oko mọ́. Ohun kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láyé mi nìyẹn. Bí mo bá ṣì wà lẹ́bàá bíríìjì yìí, ẹnikẹ́ni ò ní mú yín lọ."

Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó dìde. Ó wá bá mi níbi tí mo wà, ó ní, "Pa máṣìn rẹ." Mo pa á. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gun òkè lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, nítorí àwọn ọmọ ti ń dúró.

Mo bínú sí i fún oṣù kan gbáko. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n a ṣèpàdé, abúlé sì ṣe ohun tí abúlé lè ṣe. Nílẹ̀ wa, àáró la fi ń dáko: mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ tèmi lọ́la. A sọ Tíṣà sínú àáró. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ nílé-ìwé á fún un ní ọjọ́ kan lóko, òun á sì fi ẹ̀kọ́ san án. Èmi tí mi ò tíì ní ọmọ, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú wá ní ebè iṣu tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Kò dára. Iṣẹ́ ìjọba la wá ń fi ọkọ́ ṣe, ìjọba ò sì mọ̀ pé à ń ṣe é.

Nígbà tó tó àsìkò ìdánwò, a ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Testimony àti àwọn méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kẹfà ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ nílé-ìwé ibòmíràn kí wọ́n tó lè jókòó. Èmi ni mo gbé wọn lọ lórí máṣìn, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn ló yege. Orúkọ ilé-ìwé mìíràn ló wà lórí ìwé àṣeyege wọn. Tíṣà wò ó, ó ní kò burú, ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún wọn. Tóyọ̀sí ṣì ń pè é. Ó máa ń sọ fún un pé bí àwọn ti kíláàsì karùn-ún bá ti ṣe tiwọn tán, òun ń bọ̀.

Bàbá Josiah ò mọ nǹkan kan; gbogbo abúlé ti fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Ó ti gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò lábẹ́ káṣú, ó ti gbé e sún mọ́ bíríìjì kí ó lè máa rí ọ̀nà dáadáa. Ìgò oníke tí wọ́n fún un lọ́jọ́ yẹn ló fi ń mumi níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ró lókèèrè, á dìde.

Lánàá, mo gbé Tíṣà ti Kàbbà bọ̀, páálí ṣọ́ọ̀kì méjì wà lórí itan rẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Okun ìrìn o, Tíṣà. Mo ṣì wà níbí o. Wọn ò tíì padà wá."

Tíṣà ní kí n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Wọn ò rí mi."

Inú Bàbá dùn gan-an.